Ọdún 14 ni màmá mi fi rán aṣọ ìbora kan ṣoṣo: Òrùlé tó ń jò kọ́ ló dá a dúró

Bẹ́ ẹ bá dé àdúgbò wa ní Bárígà, tẹ́ ẹ béèrè Ìyá Télọ̀, ọmọdé tó ń ta omi inú ọ̀rá gan-an á mú yín dé ẹnu ọ̀nà wa. Ẹni ọdún 72 ni màmá wa. Ó ti ń ránṣọ kí wọ́n tó bí mi, iwájú ilé tí bàbá wa kọ́ lọ́dún 1986 ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà látìgbà náà. Aṣọ ìgbéyàwó, aṣọ òkú, aṣọ ìkómọ, aṣọ ìkórè ìjọ, kò séyìí tí kò rán rí. Kò sí oníbàárà tó lè sọ pé Ìyá Télọ̀ já òun kulẹ̀ lọ́jọ́ ìnáwó, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn télọ̀ Èkó. Ṣùgbọ́n aṣọ kan wà tó mú sọ́wọ́ lọ́dún 2010, aṣọ ìbora ni, tirẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ni. Oṣù kẹwàá ọdún 2024 ló tó parí ẹ̀. Ọdún 14 gbáko!

Gbogbo wa la mọ ohun tó fà á, tàbí kí n sọ pé a rò pé a mọ̀ ọ́n. Ilé ni. Ilé tí à ń gbé yẹn kì í jẹ́ kéèyàn sinmi. Bí a bá dí ihò kan lókè, omíràn á là nísàlẹ̀. Bí páìpù kò bá bẹ́, ilẹ̀kùn á já. Owó tí màmá bá sì fi pamọ́ láti fi ra aṣọ tí yóò tẹ́ sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, bíríkìlà ló máa gbà á, tàbí káfíńtà.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé aṣọ náà. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń rà ní Balógun tí wọ́n fi ọ̀rá wé o. Alábùlẹ̀ ni. Ègé tó bá ṣẹ́kù lára aṣọ oníbàárà, èyí tí télọ̀ mìíràn á gbá dànù tàbí kó fi nu òróró ara máṣíìnì, òun ni màmá máa ń kó sínú báàgì Ghana-must-go. Ó ní òun fẹ́ lẹ̀ wọ́n pọ̀ kí wọ́n di ìbora kan tó máa kárí bẹ́ẹ̀dì òun. Ó gé páálí kan, íǹṣì 6 àti ààbọ̀ níbùú lóròó. Ààbọ̀ yẹn ni ojú rírán máa jẹ, tí wọ́n bá rán an tán, á ku íǹṣì 6 géérégé. Ègé 12 níbùú, ègé 14 lóròó, ìyẹn 168. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 7 ló máa jẹ́. Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù ló fi ṣọ́ọ̀kì ṣe ìṣirò náà sí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kun ilé lọ́dún 2016, ó lé akunlé kúrò níbẹ̀, ó ní kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀dà kan án. Ó wà níbẹ̀ títí dòní.

Kì í sì í ṣe gbogbo aṣọ ló gbà kí wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Àǹkárá kò ní wàhálà, bó o bá ṣe gé e ló máa dúró. Léèsì ni iṣẹ́. Ihò ló pọ̀ lára ẹ̀, etí ẹ̀ sì máa ń tú, àfi kéèyàn fi sítéè sábẹ́ ẹ̀ kó tó lè gba abẹ́rẹ́. Gíní máa ń yọ̀, tó o bá yọjú lójú ẹ̀ báyìí, ó ti lọ. Àdìrẹ tí wọ́n rà láti Ìtòkú l'Abẹ́òkúta rọ̀ bí òwú, ṣùgbọ́n aró ẹ̀ lè bá ti ẹnìkejì ẹ̀ jẹ́. Màmá máa ń sọ pé àǹkárá ìgbà tí àwọn iléeṣẹ́ aṣọ tiwa ṣì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ló wu òun jù, torí ó nípọn lọ́wọ́. Irọ́ kọ́ ló pa. UNTL tó wà ní Kàdúná, iléeṣẹ́ aṣọ tó gba òṣìṣẹ́ tó pọ̀, ti ilẹ̀kùn lọ́dún 2007. Wọ́n tún un ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò padà sí bó ṣe wà mọ́.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé màmá kì í fi àwọ̀ pe ègé aṣọ wọ̀nyí. Kò ní sọ pé aláwọ̀ ewé, tàbí eléwé kókò. Á ní, "Mú òkú ìyá onírẹsì wá fún mi." Á ní, "Níbo ni mo fi ìkómọ àwọn tí wọ́n fi ọdún 11 wá ọmọ yẹn sí?" Aṣọ ẹbí ló pọ̀ jù níbẹ̀, torí náà ìnáwó ọgbọ̀n ọdún àdúgbò wa ló wà nínú báàgì yẹn. Àwọn mìíràn tí wọ́n jọ ra aṣọ náà kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn mìíràn ti ṣí lọ. Ègé aṣọ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ọmọ mẹ́rin ni màmá bí. Àwa mẹ́ta la kù, èmi ni àbígbẹ̀yìn.

Iṣẹ́ náà kò tíì pé ọdún kan tí omi fi dé. Ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 2011 ni, ọjọ́ Sunday. Ẹni tó bá wà l'Ékòó lọ́jọ́ náà kò ní gbàgbé. Òjò bẹ̀rẹ̀, kò dá, ó wó ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbẹ̀mí àwọn èèyàn. Tiwa dára díẹ̀, omi wọ ṣọ́ọ̀bù dé orúnkún. A gbé máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ lé orí tábìlì, a gbé àpò ìrẹsì lé orí máṣíìnì, kò sẹ́ni tó rántí Ghana-must-go. Ìgbà tí omi fà tán la wá rí i. Àǹkárá pupa olówó pọ́ọ́kú kan ló bá ti gbogbo wọn jẹ́. Àṣé àwọ̀ ẹ̀ kò mú rárá. Ó yí léèsì funfun padà di nǹkan bí ojú egbò. Ègé tó lé ní 40 ni màmá kó dànù. Látìgbà náà, kò sí aṣọ tó máa wọ inú iṣẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi, kó fi aṣọ funfun tẹ̀ ẹ́ lórí. Tí funfun náà bá yí àwọ̀ padà, ó di pé wọ́n ń fi onítọ̀hún nu ilẹ̀.

Lẹ́yìn omi, ilé wá kàn. Bàbá wa ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè nígbà náà, ẹni tí kò lè jókòó ni. Ó ní àfi ká gbé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù àti pálọ̀ sókè, ká mọ búlọ́ọ̀kù sẹ́nu ọ̀nà kí omi má wọlé mọ́. Nǹkan bí 2,000 náírà la ra àpò sìmẹ́ǹtì kan nígbà yẹn, bàbá sì ń pariwo pé wọ́n fẹ́ pa òun. (Ká ní ó rí ohun tí wọ́n ń tà á ní oṣù kejì ọdún 2024, tí àpò kan kọjá 10,000, tó sì dé 15,000 láwọn ibì kan!) Màmá ti tọ́jú owó kalikó funfun tó fẹ́ tẹ́ sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ìyá Télọ̀, aṣọ ìbora kì í dá òjò dúró o."

Màmá ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe ilé náà ná."

Gbólóhùn yẹn, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ tó ọdún mẹ́wàá. Lọ́dún 2014, ikán jẹ igi òrùlé yàrá ẹ̀yìn, káfíńtà fi kọ́kọ́rọ́ ìka ẹ̀ tẹ igi náà báyìí, ìka ẹ̀ wọlé. Ẹ jẹ́ ká ṣe ilé náà ná. Lọ́dún 2016, bàbá kú. Ẹ sì mọ̀ bí a ti í ṣe nílẹ̀ wa: ilé tí ẹni tó ni ín kò rówó kùn nígbà ayé ẹ̀, a máa kùn ún fún òkú ẹ̀. A kun ilé tinú-tòde, a yí sílíǹgì pálọ̀ padà, a da sìmẹ́ǹtì síwájú ìta nítorí àwọn alábáṣe. Àkókò yẹn ni màmá rí ègé aṣọ ẹbí tó pọ̀ jù lọ, torí tiwa ni. Lọ́dún 2018, ṣọ́kàwéè kún, mi ò ní ṣàlàyé ìyẹn, ẹ lè máa jẹun lọ́wọ́.

Ṣé ẹ rántí kónílé-ó-gbélé ọdún 2020? Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹta ni wọ́n ti Èkó pa, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ni wọ́n tó dẹ̀ ẹ́. Gbogbo ayé ló ń bẹ̀rù, àmọ́ màmá ní tòun, òun ti rí àyè. Kò sí ìnáwó, torí náà kò sí oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí káfíńtà tó máa wá sọ pé nǹkan kan ti bàjẹ́. Ó tú báàgì palẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n. Ṣùgbọ́n ìjọba ní kí gbogbo èèyàn máa fi aṣọ bo imú, àwọn ará àdúgbò sì ya bò ó. Ibo ló ti máa rí aṣọ lásìkò tí ọjà tì pa? Ghana-must-go náà ni! Ègé tó yẹ kó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ bá lọ sórí imú àwọn èèyàn. Èmi alára fi ègé ìkómọ ọmọ ẹlòmíràn bo imú lọ sí bánkì.

Síbẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ń rán, ègé 12 níbùú, á fi áyọ́ọ̀nù tẹ ojú rírán ẹ̀ kó dùbúlẹ̀, lẹ́yìn náà á wá so ìlà mọ́ ìlà. Kí oṣù kẹfà ọdún 2020 tó parí, ìlà 6 ti di odindi, ìlà 7 mìíràn ti di odindi. Ìlà keje nìkan ló kù, òun ló yẹ kó so apá òkè mọ́ apá ìsàlẹ̀. Ègé 11 ti wà níbẹ̀, 5 lápá òsì, 6 lápá ọ̀tún. Ègé kan ṣoṣo ló kù. Ìyẹn ni pé nínú 168, màmá ti rán 167.

Ibẹ̀ ló dúró sí. Ó ká a, ó fi ọ̀rá wé e, ó gbé e sórí wọ́dúróòbù. Ọdún mẹ́rin!

Ẹ̀rín lọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ jẹ́ fún wa. Ègé kan? Nínú ilé télọ̀? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé n'Íbàdàn mú ègé aṣọ ìgbéyàwó tirẹ̀ wá, màmá ní ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi náà gé ara aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo gbàwé ẹ̀rí ní poli, mo gé e pẹ̀lú páálí ẹ̀ gan-an kó má lè rí wí. Ó gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn." Mo ní kí ló wá jẹ́? Ó ní òrùlé ń jò, kí n lọ gbé garawa síbẹ̀.

Òrùlé sì ń jò lóòótọ́. Ojú ẹ̀ náà tún wá ń dùn ún. Awọ funfun ti bo èyí tọ̀tún, kò lè fi òwú sínú abẹ́rẹ́ mọ́, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́dún 2022, Ọlọ́run bá a ṣe é. Nítorí náà a ní ẹ̀rí méjì tó dájú, ojú àti òrùlé. Kò sẹ́ni tó tún wádìí ọ̀rọ̀ mọ́.

Ọdún 2024 la wá sọ pé òrùlé yẹn kò gbọ́dọ̀ rí òjò mìíràn. Àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni bàbá fi kan ilé náà lọ́dún 1986, bí wọ́n ṣe ń kan ọ̀pọ̀ ilé Èkó nígbà náà. Ó ti sán, ewéko ń hù lórí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní London ní ká kúkú ta ilé náà, ká gba yàrá méjì fún màmá síbòmíràn, pé owó tí à ń lẹ̀ mọ́ ọn ti tó fi kọ́ òmíràn. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ìjà lórí fóònù. Màmá kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó kàn ní ẹni tó bá fẹ́ ta ilé kó wá kó òun jáde fúnra ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà bá fi owó páànù ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, torí ó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tó wá tú òrùlé náà gbé òòlù, wọ́n fẹ́ máa fọ́ ọ ju sílẹ̀. Mo ní ẹ dúró níbẹ̀! Eruku àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì kì í ṣe eruku tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbọ̀n nù, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé gbogbo irú ẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ó lè gba ọgbọ̀n ọdún kó tó jáde lára èèyàn. Omi ni kí wọ́n wọ́n sí i kó tutù, kí wọ́n tú ìṣó ẹ̀, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lódindi, kí wọ́n bo imú. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní akọ̀ròyìn ti dé, àmọ́ wọ́n ṣe é.

Nígbà tí à ń kó ẹrù yàrá màmá jáde kí wọ́n tó ṣí orí ẹ̀, a kó gbogbo nǹkan sí iwájú ìta, a fi tapólì bò ó. Aṣọ ìbora náà yọ jáde látinú ọ̀rá ẹ̀, apá méjì. Obìnrin kan ládùúgbò tó ń kọjá lọ pariwo, ó ní, "Ìyá Télọ̀! Ṣé ẹ ti ń rán ẹ̀kú eégún ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ìyá ìjọ!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo sì sọ fún obìnrin náà pé kò jìnnà sí òótọ́. Àwọn agboolé eégún wa ti mọ iṣẹ́ àlẹ̀pọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́, wọ́n ń fi aṣọ kún aṣọ lọ́dọọdún ni. Ẹ̀kú kan wà tí ìdílé kan l'Ógbòmọ̀ṣọ́ rán láàárín ọdún 1920 sí 1948, ó wà ní Brooklyn Museum ní New York báyìí, wọ́n ṣe àfihàn òun nìkan lọ́dún 2019. Aṣọ tó wà lára ẹ̀ lé ní 300, láti ilẹ̀ wa, láti Yúróòpù, láti Éṣíà. Obìnrin náà ní ìyẹn ò kan òun, pé kí wọ́n ṣáà má fi jó dé iwájú ilé òun.

Ìgbà tí à ń dá aṣọ náà padà sínú ọ̀rá ni mo rí àpótí onírin kékeré kan tí mi ò rí rí. Mo fẹ́ gbé e, màmá ní kí n fi sílẹ̀, òun máa gbé e fúnra òun. Ẹni tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan tó wúwo! Mi ò sọ nǹkan kan, àmọ́ mo fi sọ́kàn.

Alẹ́ ọjọ́ kejì, iná ò sí, àwa méjèèjì jókòó síta. Mo ń ka nǹkan lórí fóònù, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un, torí mo mọ̀ pé á fẹ́ gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin adúláwọ̀ kan ni, ní Gee's Bend, ní ìpínlẹ̀ Alabama l'Amẹ́ríkà. Ọmọ-ọmọ ẹrú ni wọ́n. Ilé wọn kò sàn ju tiwa lọ nígbà náà, pákó ni, atẹ́gùn ń gba àárín ẹ̀ wọlé, wọ́n a lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri kí òtútù má pa wọ́n. Àwọn ìyá wọ̀nyí máa ń kó aṣọ oko tó ti gbó, wọ́n á gé e, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di ìbora fún àwọn ọmọ. Kò sẹ́ni tó kà á sí. Lọ́dún 2002, wọ́n gbé àwọn aṣọ náà lọ sí ilé ìṣúra iṣẹ́ ọnà ní Houston àti New York, ẹnu ya gbogbo ayé. Lọ́dún 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ̀ wọ́n sórí sítáǹpù. Màmá ní, "Aṣọ oko? Sórí sítáǹpù?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo wá ka ti obìnrin kan níbẹ̀, Missouri Pettway. Ọkọ ẹ̀ ló kú. Lọ́dún 1942, ó kó aṣọ iṣẹ́ tí ọkọ náà máa ń wọ̀, ó gé wọn, ó rán wọn di ìbora kó lè máa fi rántí ẹ̀, kó sì máa sùn sábẹ́ ẹ̀. Aṣọ náà wà ní Washington báyìí.

Màmá kò sọ̀rọ̀. Mo rò pé ó ti sùn ni.

Nígbà tó yá, ó ní, "Ó gé e?"

Mo ní, "Ẹ̀n?"

"Obìnrin yẹn. Ó fi sísọ́ọ̀sì gé e?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó dìde, ó wọlé lọ. Nígbà tó máa jáde, àpótí onírin yẹn ló gbé lọ́wọ́. Ó ní kí n tan iná fóònù. Ó ṣí i. Ṣẹ́ẹ̀tì kan ló wà níbẹ̀, àǹkárá aláwọ̀ sánmà, alápò láyà. Mo dá a mọ̀. Ti bùrọ̀dá wa ni, èkejì ọmọ màmá. Ọdún 2009 ló kú, jàǹbá ọkọ̀ ni, lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ó ń padà lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ ọdún 21 ni. Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, màmá ló rán an fún un, òun ló sì gbà lọ́wọ́ ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà pé kó fi sílẹ̀, pé bọ́tìnì ẹ̀ kan ti já.

Màmá wá ṣàlàyé. Ó ní èmi náà mọ̀ pé aṣọ ẹbí ló pọ̀ jù nínú ohun tí òun ń rán. Gbogbo ẹni tó kú láàárín ọgbọ̀n ọdún tí òun mọ̀, òun ní ègé aṣọ wọn. Bàbá yín, òun ní mẹ́rin. Ìyá òun, òun ní méjì. Ọmọ òun nìkan ni òun kò ní. Ta ló ń ra aṣọ ẹbí fún òkú ọ̀fọ̀? Wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí òun àti bàbá dé ojú oórì, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ àti àbúrò bàbá ló lọ sin ín, wọ́n padà dé, wọ́n fọwọ́, ó parí. Kò sí àǹkárá, kò sí léèsì, kò sí ìrẹsì. Ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni jà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, òun gan-an sì ti bá àwọn ẹlòmíràn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún 2010, òun rò ó pé òun máa rán ìbora kan tí gbogbo wọn máa wà níbẹ̀, tóun náà á sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ẹ rò pé òun kò rówó kalikó. Ìgbàkígbà tí òun bá mú sísọ́ọ̀sì tí òun fẹ́ gé ṣẹ́ẹ̀tì náà, ọwọ́ òun kì í gbé e. Bí bàbá yín bá wá sọ pé òrùlé ń jò, inú òun a dùn. Òun á ní, ẹ jẹ́ ká ṣe ilé náà ná.

Mi ò mọ ohun tí màá sọ. Èmi tí mo ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn lẹ́nu wò jẹun, mo ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí fún ọdún 14, mo ń gbé garawa sábẹ́ ibi tó ń jò. Ọmọ ọdún 16 ni mí nígbà tí bùrọ̀dá lọ. Àwọn àgbà ní ká má dárúkọ ẹ̀ létí màmá, pé á máa dá egbò jẹ̀. A ò sì dá a rí. Lójú tèmi, a ṣàṣejù.

Mo ní, "Ẹ má gé e, Màmá. Ẹ jẹ́ ká fi ègé mìíràn síbẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọṣẹ́ tí kò mọ̀ṣẹ́. Ó ní ta ló sọ pé òun máa gé e? Ó na ìka sí àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ó ní òun ló rán àpò yẹn mọ́ ọn, ohun tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ rán, wọ́n lè tú u. Ó ní kí n wá bíléèdì.

Ó tú u lójú iná fóònù, fọ́nrán òwú kan lẹ́yìn òmíràn. Ó gbà tó wákàtí kan. Abẹ́ ibi tí àpò náà wà mọ́ yàtọ̀, àwọ̀ ẹ̀ ṣì dúdú dáadáa bíi ti ọjọ́ tí wọ́n rà á. Àpò náà fẹ̀ ní íǹṣì 5, ó ga díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò tó ègé kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gé kalikó funfun ní ìwọ̀n páálí ẹ̀, ó fi ọwọ́ rán àpò náà mọ́ ọn láàárín. Etí mẹ́ta ló rán. Kò rán ẹnu ẹ̀. Ìyẹn ni pé ọwọ́ ṣì lè wọ inú àpò náà. Ṣẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀ padà sínú àpótí, ó sì gán bọ́tìnì tó já yẹn mọ́ ọn kó tó ká a.

Ìyókù kò ju iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Kúbùsù bàbá tó máa ń gbé lọ síṣẹ́ alẹ́ ní rélùwéè la fi sáàárín, ó ti fẹ́lẹ́, òun ló sì dáa jù, torí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kò lè gba èyí tó nípọn. Kalikó wà lábẹ́, iṣẹ́ alábùlẹ̀ wà lókè. A tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ nínú pálọ̀, a fi òwú gígùn dì wọ́n mú kí wọ́n má bàa yẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní gbogbo ibi tí igun ègé mẹ́rin bá ti pàdé, màmá ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, ó fà á padà sókè, ó ta á ní kókó. Kókó 143 ló ta. Èmi ni mò ń bá a fi òwú sínú abẹ́rẹ́, torí ojú tó ti gba iṣẹ́ abẹ kì í ríran nítòsí láìsí gíláàsì, gíláàsì yẹn ló sì sọ nù nígbà tí à ń kan òrùlé. Etí ẹ̀ yíká, ó fi àdìrẹ tó gé ní ìdábùú gbá a.

Nígbà tó parí, mo ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí London. Ẹ̀gbọ́n mi kò tètè dáhùn. Nígbà tó máa pè, kò sọ̀rọ̀ títa ilé. Ó béèrè pé ègé aláwọ̀ sánmà tó wà láàárín yẹn, ṣé ohun tí òun rò ni? Mo ní òun ni. Ó ní kí n gbé fóònù fún màmá. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Mo gbọ́ tí màmá ń dárúkọ bùrọ̀dá, ó ń pè é ketekete, bí ẹni pé ó wà nínú yàrá kejì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga jóná. Mo lọ bá a ní yàrá pé ẹni tó máa tún un ṣe ń béèrè 85,000. Ó wà lábẹ́ aṣọ ìbora rẹ̀, ọ̀sán gangan, oòrùn ń ràn, páànù tuntun lókè ń gbóná janjan. Ọwọ́ ẹ̀ kan wà nínú àpò náà. Ó ní kí n sọ fún un pé 60,000 la ní, kó sì dúró de òun títí òun á fi jí.